Abraham Laboriel: Ìka Tí Kò Pé, Iṣẹ́ Tí Ó Pé

Ìtàn ọkùnrin kan tí ń ta jìtá béèsì lẹ́yìn àwọn ẹlòmíràn, àwọn irinṣẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, àti ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún ẹgbẹ́ akọrin àti àwọn òbí

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan. Bí ẹgbẹ́ akọrin bá gbé orin ìyìn ní ọjọ́ Ìsinmi, tí gbogbo ìjọ dìde tí wọ́n ń jó, ta ni a máa ń wò? A ó wo ẹni tí ń darí orin. A ó wo onílù, nítorí pé kò sí ẹni tí kò rí i. A ó gbọ́ ẹni tí ń tẹ kíbọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kan tí ó gbé jìtá ọlọ́rùn gígùn kọ́ èjìká, tí ó ń ta okùn ńláńlá mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ ohun tí ó ń ṣe títí di ọjọ́ tí kò bá wá. Ọjọ́ náà ni orin yóò dà bí ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀, tí ẹsẹ̀ yóò sì wúwo láti jó.

Ohùn ìsàlẹ̀ yìí ni à ń pè ní béèsì. Bí ìpìlẹ̀ ilé ni ó rí. Ẹni tí ó bá wá kí wa kú oríire ilé tuntun yóò yin fèrèsé, yóò yin ọ̀dà ara ògiri. Kì í yin ìpìlẹ̀. Síbẹ̀ ìpìlẹ̀ ni ó gbé gbogbo rẹ̀ ró.

Ní àwọn ọdún 1990 sí 1999, àwọn kásẹ́ẹ̀tì àti fídíò ìyìn tí Ron Kenoly ṣe pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Integrity Music tàn káàkiri àwọn ìjọ wa ní Nàìjíríà. “Lift Him Up” jáde ní 1992, “God Is Able” sì tẹ̀ lé e ní 1994. Orin “Ancient of Days” tí ó wà nínú ti àkọ́kọ́ di orin tí ọ̀pọ̀ ìjọ mọ̀ lórí. Ẹni tí ó bá wo àwọn fídíò náà yóò rántí ọkùnrin kan tí ó ń rẹ́rìn-ín, tí ó ń fò, tí ó ń jó pẹ̀lú jìtá béèsì ní ọrùn bí ẹni pé kò wúwo rárá. Orúkọ ọkùnrin náà ni Abraham Laboriel. Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí, nítorí pé ó kan àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń lu ohun èlò orin, ó kan àwọn òbí, ó sì kan àwọn alàgbà tí owó ìjọ wà ní ìkáwọ́ wọn.

ILÉ TÍ Ó TI WÁ

A bí Abraham Laboriel ní ọjọ́ 17 oṣù keje, ọdún 1947, ní ìlú Mexico City ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò. Ṣùgbọ́n Honduras ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ìran Garifuna sì ni wọ́n. Ó yẹ kí a mọ ìran yìí, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà wà nínú wọn. Àwọn ènìyàn wa tí a kó ní ẹrú kọjá òkun, àti àwọn ọmọ onílẹ̀ erékùsù Saint Vincent, ni wọ́n dà pọ̀ tí wọ́n di ìran kan. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun wọn, wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi ní 1797, wọ́n sì lọ já wọn sí erékùsù Roatán ní etí òkun Honduras. Wọ́n pàdánù ilẹ̀, wọ́n pàdánù ilé, ṣùgbọ́n wọn kò pàdánù ìlù àti orin. Ní 2001, àjọ UNESCO ka èdè, ijó àti orin Garifuna mọ́ àwọn ogún tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú.

Ilé olórin ni Laboriel bọ́ sí. Juan José Laboriel bàbá rẹ̀ a máa ta jìtá, a máa kọrin, a sì máa ṣe eré nínú fíìmù. Òṣèré ni ìyá rẹ̀ pẹ̀lú. Johnny, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, di gbajúmọ̀ akọrin ní Mẹ́síkò. Ella, arábìnrin rẹ̀, náà di akọrin. Bàbá rẹ̀ gan-an ni ó kọ́kọ́ kọ́ ọ ní jìtá olókùn mẹ́fà nígbà tí ó wà ní ọmọdé.

ÌKA TÍ Ó GÉ

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ọmọ yìí ṣì kéré, jàǹbá kan gé orí ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ òsì rẹ̀ kúrò. Ẹni tí kò bá ta jìtá rí lè sọ pé kí ni ti ìka kan nínú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ jìtá yóò mi orí. Ọwọ́ òsì ni ó ń tẹ okùn mọ́ ọrùn jìtá kí ohùn tí a fẹ́ lè jáde; ọwọ́ ọ̀tún ni ó ń ta á. Nínú àwọn ìka ọwọ́ òsì, ìka ìfábẹ̀lá ni aṣáájú. Òun ni ó máa ń kọ́kọ́ dé ibi tí a ń lọ, òun ni ó sì máa ń dábùú okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn ni ń yan ẹni tí yóò di ọ̀gá nídìí jìtá, ta ni ìbá yan ọmọ yìí?

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ìka kò dọ́gba. Ọlọ́run kò sì wá ọwọ́ tí ìka rẹ̀ dọ́gba kí ó tó lò ó. Ẹ rántí Ehudu nínú ìwé Àwọn Onídájọ́ orí 3. Amòósì ni, ohun tí àwọn ènìyàn sì lè kà sí àbùkù ni Ọlọ́run fi gba Ísírẹ́lì là. Bàbá Laboriel kò sọ pé nítorí ìka yìí kí ọmọ òun má fọwọ́ kan jìtá mọ́. Ó kọ́ ọ. Ọmọ náà sì wá ọ̀nà tí àwọn ìka tó kù yóò fi ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ̀yin òbí, ǹjẹ́ kò sí ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa? Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tiro, ọmọ tí ń kólòlò, ọmọ tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa? Ẹ ṣọ́ra kí ẹnu wa má ba ti ilẹ̀kùn tí Ọlọ́run kò tì.

LÁTI JÌTÁ SÍ BÉÈSÌ

Nígbà tí Laboriel dàgbà, ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ orin Berklee ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà. Jìtá olókùn mẹ́fà ni ó bá lọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ó ti yí sí béèsì. Ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní 1972. Ní 1973, orúkọ rẹ̀ ti wà lára àwọn tí wọ́n jọ ṣe àwo “The New Quartet” pẹ̀lú Gary Burton. Lẹ́yìn náà ni Henry Mancini, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ nídìí orin fíìmù, gbà á níyànjú pé kí ó kó lọ sí Los Angeles, níbi tí iṣẹ́ sitúdíò pọ̀ sí. Ó gbọ́ràn, ó sì lọ.

Ohun tí ó kọ́ nídìí jìtá àkọ́kọ́ kò ṣòfò. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ta béèsì máa ń lo ìka méjì ọwọ́ ọ̀tún, àwọn mìíràn a fi àtàǹpàkò gbá okùn. Laboriel ń lo gbogbo ìka, bí àwọn ará Sípéènì ti ń ta jìtá flamenco, tí wọ́n ń fi èékánná gbá okùn wá sí ìsàlẹ̀ wàràwàrà. Ìdí nìyí tí béèsì rẹ̀ fi ń dún nígbà mìíràn bí ìlù, tí ó tún ń dún bí jìtá. Ní 2005, ilé-ẹ̀kọ́ Berklee kan náà fi oyè ọ̀mọ̀wé ọlọ́lá dá a lọ́lá.

KÍ NI IṢẸ́ OLÓRIN ALÁGBÀṢE?

Ó dára kí a ṣàlàyé iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ń ṣe, nítorí pé kò pọ̀ ní ilẹ̀ wa. A mọ alágbàṣe ní oko. Ọkọ́ rẹ̀ wà ní èjìká rẹ̀. Ẹni tí ó ni oko pè é, ó ro ó, ó gba owó rẹ̀, ó sì kọjá sí oko ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni olórin alágbàṣe. Kì í ṣe òun ni ó ni orin, orúkọ rẹ̀ kọ́ ni a ó tẹ̀ gàdàgbà sí iwájú àwo. Wọ́n ń pè é láti wá ta béèsì sínú orin ẹlòmíràn.

Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn olórin, tí à ń pè ní American Federation of Musicians, ti fi òfin sí iṣẹ́ náà. Wákàtí mẹ́ta ni ìjókòó kan ní sitúdíò, orin tí ó sì yẹ kí ó jáde láti inú rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Owó tí ó kéré jù lọ tí a lè san wà ní àkọsílẹ̀, ẹni tí ó bá sì jẹ́ aṣáájú láàárín wọn a máa gba ìlọ́po méjì. Wọ́n tún ń dá owó sí àpò ìfẹ̀yìntì fún un.

Ní sitúdíò, ẹni tí ó ni àṣẹ ni pírodúsà. Òun ni ó ń yan orin, tí ń yan ẹni tí yóò lu kí ni, tí ń jókòó sí ẹ̀yìn gíláàsì tí ń gbọ́, tí ń sọ pé, “Ẹ tún un ṣe,” tàbí, “Ó ti tó.” Alágbàṣe kò gbọ́dọ̀ fi àkókò ṣòfò. Ó gbọ́dọ̀ lè ka orin tí a kọ sórí ìwé ní ojú ẹsẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ lè bá aago orin rìn, ìyẹn ohùn kóó-kóó-kóó tí ń dún sí i ní etí kí orin má baà sáré jù tàbí kí ó fà. Ó gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí yóò ta àti ìgbà tí yóò dákẹ́. Ó sì gbọ́dọ̀ ní ìwà, nítorí pé ẹni tí ó bá ń bínú sí pírodúsà lónìí kò ní í rí ìpè lọ́la.

Laboriel ní gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Ó ta béèsì fún George Benson nínú “Give Me the Night” ní 1980, èyí tí Quincy Jones jẹ́ pírodúsà rẹ̀. Ó wà nínú “Breakin’ Away” ti Al Jarreau ní 1981, àti nínú “The Nightfly” ti Donald Fagen ní 1982. Ohun tí a sábà máa ń kọ nípa rẹ̀ ni pé rẹ́kọ́ọ̀dù àti orin fíìmù tí ó ti ta béèsì sí lé ní 4,000. Ìwé ìròyìn Guitar Player sì pè é ní ẹni tí a ń lò jù lọ nídìí béèsì sitúdíò ní àkókò rẹ̀.

ÀWỌN IRINṢẸ́ RẸ̀

Àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn láti mọ irú jìtá tí gbajúmọ̀ ń lò, a kò sì ní fi èyí pamọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, jìtá Goya olókùn mẹ́rin ni Laboriel lò fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Nígbà tí ó yá, Yamaha olókùn márùn-ún ni a mọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí irinṣẹ́ náà ń ṣe, kí a má kàn máa pe orúkọ.

Láyé àtijọ́, béèsì jẹ́ ohun èlò onígi ràgàjì tí ó ga ju ènìyàn lọ, tí à ń dúró lù. Ó ṣòro láti gbé, ohùn rẹ̀ kò sì lè borí ìlù. Ní 1951, Leo Fender ní Kalifọ́níà ṣe èyí tí a lè gbé kọ́ èjìká, tí ó ń lo iná mànàmáná. Ó to irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú ọrùn rẹ̀ kí ìka lè mọ ibi tí ohùn wà ní pàtó. Nítorí náà ni ó ṣe pè é ní Precision Bass.

Okùn: Okùn tí ó nípọn jù lọ lára béèsì olókùn mẹ́rin ń gbọ̀n ní ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Okùn karùn-ún tí a fi kún un tún lọ sí ìsàlẹ̀ sí i, bí ìgbà 31. Etí ènìyàn kì í sábà gbọ́ ohun tí ó bá lọ sílẹ̀ ju 20 lọ. Nítorí náà, ohùn béèsì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun tí à ń fi àyà gbọ́ ju èyí tí à ń fi etí gbọ́ lọ.

Òòfà: Lábẹ́ okùn ni òòfà wà tí a fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wé ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Bí okùn irin bá ń gbọ̀n lórí rẹ̀, iná mànàmáná kékeré kan yóò jáde, èyí tí ń rìn nínú wáyà lọ. Àwọn jìtá kan ní ẹ̀rọ kékeré nínú tí ń fún ohùn náà lágbára, bátìrì 9 volt ni ó sì ń lò. Bí bátìrì yìí bá ti ń kú, ohùn yóò máa há. Ọ̀pọ̀ jìtá tí àwọn ọmọ wa sọ pé ó ti bàjẹ́, bátìrì rẹ̀ ni ó kú.

Àpótí DI: Ohùn tí ó ti inú béèsì jáde kò lágbára, bí ó bá sì rìn jìnnà nínú wáyà yóò kó ariwo mọ́ra. Àpótí kékeré yìí ni ó ń yí i padà kí ó lè rin ọ̀nà jíjìn dé míkísà láìkó ìkùn. Ní ọ̀pọ̀ sitúdíò, ibẹ̀ ni béèsì ń gbà wọlé tààrà. Wọ́n tún lè gbé makirofóònù síwájú ampilifáyà, kí pírodúsà lè pa méjèèjì pọ̀.

Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀: Bí a bá ta okùn kan kíkan tí a ta èkejì pẹ̀lẹ́, ẹ̀rọ yìí ń rẹ èyí tí ó ga sílẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ lè dọ́gba. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá mọ̀ pé ìka ni kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dúró déédéé kò ní fún ẹ̀rọ ní iṣẹ́ púpọ̀ ṣe.

Téèpù: Ní àwọn ọdún 1970 sí 1989, téèpù tí fífẹ̀ rẹ̀ tó íǹṣì 2 ni wọ́n sábà ń gba orin sí, tí ó ní ọ̀nà 24 fún ohùn 24 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí téèpù náà bá ń sá ní íǹṣì 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, odindi kẹ̀kẹ́ kan tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 2,500 kò ju bí ìṣẹ́jú 16 lọ. Ẹ wò bí àṣìṣe ti ń náni tó! Àwo “The Nightfly” tí a dárúkọ lókè wà lára àwọn àwo tí ó tètè kúrò lórí irú téèpù yẹn. Ẹ̀rọ 3M tí ń sọ ohùn di nọ́ńbà ni wọ́n lò. Ní 1992, ẹ̀rọ ADAT dé, tí ń gba ohùn 8 sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, sitúdíò sì wọ inú ilé àwọn tí kò lówó púpọ̀. Lónìí, kọ̀ǹpútà kan àti àpótí kékeré tí a fi ń so jìtá mọ́ ọn lè ṣe ohun tí ó ju ti yàrá ńlá ìgbà náà lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí o. Nínú gbogbo ìyípadà yìí, ìka Laboriel kò yí padà. Téèpù lọ, nọ́ńbà dé, ó sì ń rí ìpè síbẹ̀.

ẸNI TÍ A KÒ KỌ ORÚKỌ RẸ̀

A kò lè sọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí kí a má mẹ́nu kan James Jamerson, ẹni tí ó ṣáájú. A bí i ní South Carolina ní 1936, ó sì ta béèsì sínú ọ̀pọ̀ orin ilé-iṣẹ́ Motown ní Detroit. Irinṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀: Fender kan ti ọdún 1962, okùn tí kì í pààrọ̀ àfi bí ó bá já, àti ìka kan ṣoṣo ọwọ́ ọ̀tún. Gbogbo ayé jó sí ohun tí ìka kan yẹn ta, ṣùgbọ́n títí di 1971, nígbà tí àwo “What’s Going On” ti Marvin Gaye jáde, orúkọ òun àti ti ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í sábà sí lára àwo. Ọtí mú un mọ́lẹ̀, àìsàn tí ó ti ibẹ̀ wá sì pa á ní 1983, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 47. Ní 2000, lẹ́yìn ọdún 17 tí ó ti kú, ni wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú Rock and Roll Hall of Fame.

A kò sọ èyí láti dá òkú lẹ́jọ́. A sọ ọ́ kí a lè bi ara wa léèrè: ẹni tí ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ gbé ìjọ ró ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ta ni ń bèèrè àlàáfíà rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn? Ẹ̀bùn lè ga kí ọkàn ẹni tí ó ni ín máa rì.

Ní ti Laboriel, ó rí ìdàpọ̀. Ní nǹkan bí 1980, òun àti àwọn alágbàṣe mìíràn tí wọ́n jẹ́ onígbàgbọ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Los Angeles tí wọ́n pè ní Koinonia, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ìdàpọ̀. Alex Acuña láti Pẹrú, Justo Almario láti Kòlóńbíà, Bill Maxwell, Hadley Hockensmith àti Harlan Rogers wà níbẹ̀. Wọ́n gbé “More Than a Feelin’” jáde ní 1983, “Celebration” ní 1984, àti “Frontline” ní 1986. Àwọn ọkùnrin tí ń ṣiṣẹ́ fún àwọn gbajúmọ̀ ní ọ̀sán ń pé jọ láti fi iṣẹ́ kan náà yin Ọlọ́run. Acuña àti Almario ni a tún rí pẹ̀lú rẹ̀ nínú fídíò Ron Kenoly. Iṣẹ́ kan náà, ìmúrasílẹ̀ kan náà; kò fi èyí tí ó dára jù sí ayé kí ó wá gbé èyí tí kò dára wá sí ilé Olúwa.

Iṣẹ́ náà kò sì parí sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Abe, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, di onílù Paul McCartney; Mateo di pírodúsà tí ń kọ orin fíìmù. Bàbá àgbà, bàbá àti ọmọ: ìran mẹ́ta nídìí iṣẹ́ kan.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Ìkínní, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń ta béèsì: ẹ kọ́ iṣẹ́. Nínú 1 Kíróníkà orí 25, àwọn akọrin Dáfídì tí a kọ́ tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n jẹ́ 288. Ìwé Mímọ́ kò kà àwọn tí ó kàn fẹ́ràn orin. Ó ka àwọn tí a kọ́. Ẹ ra aago orin, tàbí kí ẹ lo èyí tí ó wà nínú fóònù. Ẹ kọ́ bí a ti ń ka orin, ì báà jẹ́ sólfà ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe sọ pé ó di ìgbà tí ẹ bá ní jìtá olókùn márùn-ún kí ẹ tó múra. Okùn mẹ́rin àti ìka kan ni Jamerson fi ṣe tirẹ̀.

Ìkejì, ẹ jẹ́ kí a tọ́jú irinṣẹ́ Olúwa. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu okùn lẹ́yìn ìsìn, nítorí òógùn ọwọ́ ń mú un dógùn-ún. Ẹ má fi jìtá sílẹ̀ nínú mọ́tò ní oòrùn ọ̀sán, nítorí ọrùn rẹ̀ lè wọ́. Ẹ má so béèsì mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré kí ẹ wá yí i sókè pátápátá. Yóò fa ẹnu rẹ̀ ya. Bí a bá fẹ́ tan ẹ̀rọ, ampilifáyà ni ìkẹyìn. Bí a bá fẹ́ pa á, òun ni àkọ́kọ́. Ẹ pa á kí ẹ tó yí láti iná ìjọba sí jẹnẹrétọ̀. Bí ẹ bá sì fọwọ́ kan jìtá tàbí makirofóònù tí ó ń gbọ̀n yín lọ́wọ́, ẹ má ṣe pè é ní ohun kékeré. Ẹ dá iṣẹ́ dúró, ẹ pe oníṣẹ́ iná kí ó wo wáyà tí ó wọ inú ilẹ̀. Iná bẹ́ẹ̀ lè pa ènìyàn.

Ìkẹta, ẹ̀yin alàgbà àti olùtọ́jú owó: ẹ ka Nehemáyà orí 13. Nígbà tí a kò fún àwọn akọrin àti àwọn ọmọ Léfì ní ìpín wọn, kí ni wọ́n ṣe? Olúkúlùkù sá lọ sí oko rẹ̀, ilé Ọlọ́run sì di ahoro. Nehemáyà kò bá àwọn akọrin wí. Àwọn olórí ni ó bá wí, ó sì kó àwọn akọrin padà sí ipò wọn. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń ṣe é fún Olúwa lọ́fẹ̀ẹ́, èrè wọn sì ń bẹ lọ́run. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ láti wá sí ìdánrawò ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kì í ṣe ọ̀run ni a ti ń san án. Bí ìjọ bá lè ra jìtá olówó ńlá, kí ó má ṣòro fún un láti wo ẹni tí ń ta á. Bí ẹ bá sì ti ṣe àdéhùn iye kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì san án ní ọjọ́ rẹ̀. Ìkùnsínú ẹgbẹ́ akọrin kì í jẹ́ kí ìyìn gòkè.

Ìkẹrin, ẹ̀yin òbí: bí ọmọ bá fẹ́ orin, ẹ má ṣe lé e jáde nílé, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ó fi ilé-ìwé sílẹ̀. Laboriel gba ìwé ẹ̀rí kí ó tó wọ ọjà iṣẹ́. Ẹ jókòó tì í bí bàbá rẹ̀ ti jókòó tì í. Ẹ mọ àwọn tí ó ń bá rìn, ẹ mọ ibi tí ó ń sùn bí eré bá pẹ́. Ọmọ tí ó bá rí ìtọ́sọ́nà nílé kò ní í wá a ní ìdí ìgò ọtí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, bí orin bá gbóná, ẹ wo apá ẹ̀gbẹ́ yẹn. Ẹ wá ẹni tí ń ta okùn ńláńlá náà. Lẹ́yìn ìsìn, ẹ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ béèrè ilé àti iṣẹ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ó ti ń rò ó pé òun kò ní í wá mọ́.

Kí Olúwa tí ó lo ọwọ́ tí ìka rẹ̀ kò pé lo tiwa náà. Kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹ̀bùn àwọn ọmọ wa kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Àmín.